Wọ́n kọ́ wáyà kí wọ́n tó kọ́ orin: ìtàn ẹ̀rọ DJ

(Ọ̀rọ̀ admin, voice note márùn-ún. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí data wọn kò tó àti àwọn tí kò ráyè gbọ́ ọ.)

VOICE NOTE KÌÍNÍ

  Admin yín ni. Ẹ má bínú sí ariwo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi. NEPA ti mú iná lọ, mo ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Màmá kan nínú group yìí bi wá ní ìbéèrè lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ní ọmọ wọn ọkùnrin ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, ó ní iṣẹ́ DJ lòun fẹ́ kọ́. Bàbá rẹ̀ sì ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, pé kí èèyàn kan máa tẹ orin tí ẹlòmíì kọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní kí ọmọ náà ra ẹ̀rọ kékeré, kó máa wo fídíò lórí fóònù, ọ̀sẹ̀ méjì ti tó. Èmi tí mò ń ta wáyà, sípíkà àti amplifáyà, mo ní ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí láti ìdí rẹ̀ wá. Tí ẹ bá gbọ́ ìtàn àwọn tó dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló mọ wáyà kí wọ́n tó mọ orin í lù. Àwọn òfin tí a fi ń to ẹ̀rọ títí dòní, inú ìtàn yẹn ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde. Ọmọ tó bá fo ìtàn, òfin ló fò yẹn. Ẹni tó bá sì fo òfin iná, ẹ̀yin náà mọ ibi tó ń bọ̀ sí.

Ó dáa. Ní 1877, Thomas Edison ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ kan tó gba ohùn èèyàn sílẹ̀ tó sì tún sọ ọ́ jáde. Ohun roboto bí agolo ló ń gba ohùn sí. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, 1887, Emile Berliner, ọmọ Jámánì tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, gbé àwo pẹlẹbẹ tirẹ̀ dé. Àwo yẹn ló di àwo orin tí àwọn bàbá wa kó jọ sínú páálí. Àwọn àgbà inú group ti lè rí giramafóònù àtijọ́ yẹn nílé bàbá wọn àgbà, èyí tó ní fèrè gbàǹgbà lórí, tí wọ́n ń fọwọ́ wé bí ẹni wé aago. Kò lo iná mànàmáná rárá. Kò lè gbé èèyàn. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ náà kò lè kọjá pálọ̀.

Ìgbà tí iná wọ ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo nǹkan yí padà. Amplifáyà dé, ohùn èèyàn kan ṣoṣo wá lè kún pápá. Nílẹ̀ wa, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì tó parí ní 1945, máìkì àti amplifáyà wọ inú orin jùjú. Ìgbà yẹn ni gángan náà ráyè wọ inú ẹgbẹ́ jùjú, torí tẹ́lẹ̀, tí gángan bá ké, ta ló máa gbọ́ gìtá? Amplifáyà ló jẹ́ kí gìtá àti ohùn olórin lè bá ìlù dúró. Nítorí náà, kí DJ tó dé rárá ni ayẹyẹ wa ti gbọ́kàn lé wáyà.

VOICE NOTE KEJÌ

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Jàmáíkà. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò iṣẹ́ DJ tó wà lóde lónìí wà. Lẹ́yìn ogun yẹn náà, ní ìlú Kingston, mẹ̀kúnnù kò lówó tí wọ́n á fi pe ẹgbẹ́ olórin. Wọ́n bá ń gbé sípíkà ńláńlá sójú títì, wọ́n ń fi àwo ṣeré, wọ́n ń ta ọtí àti oúnjẹ. Sound system ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ ni Tom Wong, tí inagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Tom the Great Sebastian. Ta ló ṣe amplifáyà fún Tom? Hedley Jones ni. Jones yìí ti bá àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà ogun, wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ radar. Nígbà tó padà sílé, ó ń tún rédíò ṣe, ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan amplifáyà. Oníwáyà ni o.

Ní 1967, ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Kingston ní 1955 kó lọ bá àwọn òbí rẹ̀ ní New York, ní àdúgbò Bronx. Clive Campbell lorúkọ rẹ̀, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí Kool Herc. Bàbá rẹ̀ ra ẹ̀rọ agbóhùnsókè kan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde bó ṣe yẹ. Ọmọ yìí ló jókòó ti wáyà rẹ̀, tó ń yí i síbí, tó ń yí i sọ́hùn-ún, títí ohùn fi búyà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ 1973, àbúrò rẹ̀ obìnrin, Cindy, ṣe òde kan nínú ilé tí wọ́n ń gbé, 1520 Sedgwick Avenue. Ó fẹ́ fi owó rẹ̀ ra aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sí iléèwé. Obìnrin ń san sẹ́ńtì 25, ọkùnrin ń san 50. Herc ló fi àwo ṣeré fún wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ wo nǹkan tí Herc fi ojú rí. Ó rí i pé àwọn oníjó máa ń dúró de ibì kan nínú orin, ibi tí àwọn tó kù á dákẹ́ tí ìlù nìkan á máa dún. Ẹ̀yin náà mọ ibẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni ìyá ìyàwó ti máa ń tú gèlè. Ibẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Herc wá ra àwo kan náà ní méjì, ó gbé wọn sórí ẹ̀rọ méjì. Tí ìlù bá tán lórí ti ọ̀tún, á ti bẹ̀rẹ̀ lórí ti òsì. Títí dòní, ẹ̀rọ DJ ṣì máa ń jẹ́ méjì tí mixer wà láàárín, kódà èyí tó wà lórí fóònù àwọn ọmọ yín.

Ẹnì kejì ni Joseph Saddler, tí wọ́n ń pè ní Grandmaster Flash. Barbados ni wọ́n bí i sí ní 1958, Bronx ló dàgbà sí. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló lọ, iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ló kọ́. Ó rí i pé Herc ń fi ojú wá ibi tí ìlù ti bẹ̀rẹ̀ lórí àwo, ìgbà míì á bọ́ sí i, ìgbà míì kò ní bọ́ sí i. Flash kan súwíìṣì kékeré kan mọ́ ara mixer tirẹ̀, tó jẹ́ kó lè fi headphone gbọ́ àwo kejì kí àwọn èrò tó gbọ́ ọ. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ CUE sí lára ẹ̀rọ ọmọ yín lónìí, irú iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe.

Màmá, ẹ sọ fún bàbá ọmọ yìí pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọmọ tálákà tó ń tú rédíò wò ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n ṣe tí n kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré nínú ọgbà ìgbafẹ́ ní Bronx, ìdí òpó iná ojú títì ni wọ́n ti ń já iná. Àwọn kan níbí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ọ̀pá gbé wáyà kọ́ òpó nítorí òde alẹ́ kan. Iná òpó kò ní fíúùsì tó máa gbà ọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe é o.

VOICE NOTE KẸTA

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àwo fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìmọ̀ ọjà mi wà.

Àwọn ẹ̀rọ àwo àtijọ́, bẹ́líìtì tàbí kẹ̀kẹ́ rọ́bà ló ń yí wọn, bí bẹ́líìtì ṣe ń yí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ata mọ̀ pé tí bẹ́líìtì bá dẹ̀, ẹ̀rọ á máa lọ́ra. Tí DJ bá fi ọwọ́ dá àwo dúró, tó tún fi í sílẹ̀, àwo á kọ́kọ́ falẹ̀ kó tó sáré. Iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Shuichi Obata, ẹnjiníà kan ní iléeṣẹ́ Matsushita ní Jàpáànù, ló mú bẹ́líìtì kúrò. Ó gbé àwo lé orí mọ́tò fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn, Technics SP-10, jáde sọ́jà ní nǹkan bí 1970. Ní 1972, wọ́n gbé SL-1200 dé, ní 1979 wọ́n tún un ṣe, wọ́n pè é ní MK2. Ara MK2 yìí ni wọ́n ti fi ohun tí à ń fà sókè fà sílẹ̀ sí, tó ń mú orin yára tàbí kó falẹ̀ títí dé ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Òun ni DJ fi ń mú orin méjì rìn lẹ́sẹ̀ kan náà. Ẹ̀rọ náà wúwo, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní rọ́bà, torí tí sípíkà bá ń mi ilẹ̀, abẹ́rẹ́ á máa fò. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún yín: ẹ má gbé ẹ̀rọ àwo lé orí sípíkà, ẹ má sì gbé e lé orí tábìlì tó ń mì.

Wọ́n dá SL-1200 dúró ní 2010, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní 2016, torí àwọn èèyàn kò gbà kó lọ. Láàárín ìgbà yẹn, CD ti dé sọ́jà ní 1982, Pioneer gbé CDJ-500 jáde ní 1994, wọ́n gbé CDJ-1000 jáde ní 2001. CDJ-1000 yìí ní àwo pẹlẹbẹ lórí tí DJ lè fọwọ́ yí bíi ti àwo orin gidi. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé. Àwọn bíi DJ Jimmy Jatt ní Èkó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ayé àwo, wọ́n sì bá a dé orí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ ń yí padà, ètò rẹ̀ kò yí padà: ohùn méjì, mixer láàárín, amplifáyà, sípíkà.

Ọ̀rọ̀ tókùnbọ̀ ńkọ́? Iná Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 120 volt, tiwa jẹ́ 230. Oníbàárà mi kan gba mixer láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti Amẹ́ríkà dé, inú rẹ̀ dùn, ó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, èéfín jáde. Kò tíì lò ó fún orin kan ṣoṣo. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ máa kà á. Tó bá jẹ́ 120 nìkan ni wọ́n kọ, ó ní láti gba ara transfọ́mà tó ń dín iná kù. Tó bá jẹ́ 100 sí 240 ni wọ́n kọ, kò sí wàhálà. Nǹkan míì tún wà: iná Amẹ́ríkà ń lù ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ń lù ní 50. Àwọn ẹ̀rọ àwo àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé ìlù iná yẹn ni mọ́tò wọn ń tẹ̀lé. Tí ẹ bá gbé irú rẹ̀ wá síbí, kódà pẹ̀lú transfọ́mà, orin á máa fà, ohùn obìnrin á di ti ọkùnrin. Ẹ má lọ bá ẹni tó ta àwo fún yín jà.

VOICE NOTE KẸRIN

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ. Títò ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún 1972, ní ìlú Swansea ní Wales, olórin kan tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ Stone the Crows, Leslie Harvey, wà lórí ìtàgé. Gìtá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ kan máìkì. Máìkì yẹn kò ní earth. Iná gbé e níwájú àwọn èrò, ó sì kú. Ọmọ ọdún 27 ni. Kì í ṣe ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Wáyà kan tí ojú kò rí ló kù tí kò sí níbẹ̀.

Wáyà earth yẹn, ẹ fi ojú inú wò ó báyìí: tí iná bá ṣáko kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, tó bọ́ sí ara irin ẹ̀rọ, wáyà yẹn ló máa fà á lọ sínú ilẹ̀, kí fíúùsì lè já kó tó dé ara rẹ. Lára plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin rẹ̀ ní 1947, tí a sì ń lò títí dòní, ẹsẹ̀ tó gùn jù, èyí tó wà lókè, òun ni earth. Ó gùn kó lè wọlé ṣáájú àwọn tó kù. Mo ti rí ibi òde tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ yẹn kúrò kó lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Mo tún ti rí ẹni tó fi bírò ti ihò òkè kó lè kì wáyà lásán bọ ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, tí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn pé ẹ máa wá plọ́ọ̀gì lọ.

Fíúùsì tó wà nínú plọ́ọ̀gì, èyí tó tóbi jù ni 13 amp. 13 lọ́nà 230 jẹ́ 2990 watt. Ìyẹn ni pé extension kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ ru jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú amplifáyà, iná aláràbarà àti fíríìjì ọtí tí wọ́n máa ń yọ́ kì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn yín. Tí fíúùsì bá já, ẹ wá ìdí rẹ̀. Ẹ má fi wáyà tàbí bébà sìgá dípò rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I better pass my neighbour, agbára rẹ̀ kò tó 1000 watt. Ẹ má gbé amplifáyà ńlá lé e lórí. Ìta gbangba ni kí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sí, jìnnà sí fèrèsé àti kánópì tí wọ́n dì yíká. Èéfín rẹ̀ tó ń pani, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ bu epo sí i, ẹ pa á ná, ẹ jẹ́ kó tutù.

Ó kan ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Ẹ jẹ́ kí gbogbo nǹkan wà ní pípa kí ẹ tó kan wáyà mọ́ ọn. Ẹ̀rọ àwo máa ń wọ ihò tí wọ́n kọ PHONO sí lẹ́yìn mixer, torí ohùn rẹ̀ kéré. CDJ, kọ̀ǹpútà àti fóònù máa ń wọ LINE. Tí ẹ bá ki CDJ bọ PHONO, ariwo burúkú ni ẹ ó gbọ́. Láti mixer, wáyà á lọ sí amplifáyà, láti amplifáyà sí sípíkà. Ẹ fa gbogbo volume sílẹ̀ dé òdo.

Tí ẹ bá fẹ́ tan án: ẹ̀rọ orin àkọ́kọ́, mixer tẹ̀lé e, amplifáyà tàbí sípíkà abáná kẹ́yìn. Tí ẹ bá fẹ́ pa á, amplifáyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbọ́ GBÌÌ! lára sípíkà tí wọ́n bá tan mixer, ìró yẹn gan-an ló ń pa sípíkà díẹ̀díẹ̀.

Lára mixer, iná kéékèèké wà tó ń tàn ní àwọ̀ ewé, pupa rúsúrúsú àti pupa. Pupa kò túmọ̀ sí pé òde dùn. Ó túmọ̀ sí pé ohùn ti ga ju ohun tí ẹ̀rọ lè gbé lọ, ó ti ń gé orí ohùn. Ohùn tí wọ́n gé lórí bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná nínú sípíkà kékeré tó ń dún ṣín-ṣín, á sì jó o. Ọ̀pọ̀ sípíkà tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé kò dára látilẹ̀, pupa ló jó o. Tí ohùn kò bá tó fún òde yẹn, ẹ lọ yá sípíkà sí i.

Wáyà tó bá kọjá ibi tí èèyàn ń rìn, ẹ fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Sípíkà orí ọ̀pá, ẹ la ẹsẹ̀ ọ̀pá náà dáadáa, torí àwọn ọmọdé máa ń sá eré abẹ́ rẹ̀. Òjò wa ní Jos níbí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Tó bá ti ń ṣú, ẹ pa iná láti orísun rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kò sí orin tó tó ẹ̀mí. Tí iná bá gbé èèyàn, ẹ má dì í mú. Ẹ pa iná ná, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

VOICE NOTE KARÙN-ÚN

Ó ku etí. Iná lè ṣe èèyàn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ etí máa ń pẹ́ kó tó hàn. Àwọn tó ń rí sí ìlera ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní ohùn tó bá ga tó decibel 85, wákàtí mẹ́jọ ni kí etí wà nínú rẹ̀ lójúmọ́, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá fi mẹ́ta lé, ẹ gé àkókò náà sí méjì: ní 88, wákàtí mẹ́rin, ní 91, wákàtí méjì. Ẹ máa kà á lọ bẹ́ẹ̀, tó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà gbé ìlànà jáde ní 2022 fún ibi ìgbafẹ́ pé kí ohùn má kọjá 100, tí wọ́n bá pín in dọ́gba láàárín ìṣẹ́jú 15. Ẹ wá ro òde tiwa láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ọmọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà. Etí tó bá ń hó wíì-wíì lọ́jọ́ kejì, ó ń kìlọ̀ ni. Èyí tó bá kú kì í jí mọ́. Ohun tí wọ́n ń ki bọ etí kò wọ́n. DJ tí kò gbọ́ràn mọ́, kí ló fẹ́ fi mọ ibi tí ìlù ti bọ́ síra?

Fún àwọn òbí: tí ẹ bá fẹ́ fi ọmọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ wo ẹ̀yìn tábìlì ọ̀gá náà kí ẹ tó wo owó tó ń gbà. Tí wáyà rẹ̀ bá wà létòlétò, tí plọ́ọ̀gì rẹ̀ pé ẹsẹ̀ mẹ́ta, tó ń mú ọmọ ka wáyà kó tó jẹ́ kó fọwọ́ kan orin, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta tí ọmọ bá fi ń gbé sípíkà tó sì ń ká wáyà, kì í ṣe ìyà. Bí iṣẹ́ ò pẹ́ni, a kì í pẹ́ṣẹ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ̀rọ ti wà nílé yín: kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ yẹ plọ́ọ̀gì yín wò. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá pé tàbí tó ti jó dúdú, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sínú group ká jọ wò ó, kò dìgbà tí ẹ bá rà á lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkéde tẹ́tẹ́ àti àdúrà àfiránṣẹ́ sáàárín fọ́tò wọ̀nyẹn lọ́la, kí a lè rí wọn.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n wa tó ń ran aṣọ ní Bukuru ni yóò sọ ìtàn ẹ̀rọ ìránṣọ fún wa. Ẹ kú ìgbádùn o, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí ogun iná. Ó dàárọ̀.